Òróró Lójú Kámẹ́rà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ ti ń bi mí tipẹ́ nípa fọ́tò méjì tó wà lára ògiri pálọ̀ mi. Màmá mi àti ẹ̀gbọ́n wọn ló wà nínú méjèèjì. Ọ̀kan mọ́ kedere, èkejì sì ṣú bàìbàì bí ìgbà tí ọyẹ́ bá bo ìlú. Ẹ ní kí ló dé tí mo fi èyí tí kò mọ́ sínú férémù? Ó dáa. Ẹ fa àga yín sún mọ́ ibí, kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí n sinmi.

Ó pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ kámẹ́rà. Kì í ṣe ti inú fóònù o! Kámẹ́rà gidi, èyí tí èèyàn ń gbé kọ́ ọrùn. Fóònù mi àtijọ́ ló já bọ́ sínú kànga nílé wa ní Ọ̀mù-Àrán, gbogbo fọ́tò Bàbá mi tí mo ní ló sì bá a lọ. Bàbá ti kú nígbà yẹn. Ẹ ò lè mọ bó ṣe dùn mí tó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ fún ara mi pé màá máa ya àwọn èèyàn mi dáadáa, màá sì máa tẹ fọ́tò wọn sórí bébà tí èèyàn lè fọwọ́ mú.

Ṣùgbọ́n tíṣà ni mí. Kámẹ́rà tuntun kọjá agbára mi, mi ò ní parọ́ fún yín. Àlòkù tí wọ́n tún ṣe ni ojú mi wà lára rẹ̀.

Ṣé ẹ sì mọ bó ṣe máa ń rí? Ẹ ṣáà ti sọ pé ẹ fẹ́ ra ẹ̀rọ àlòkù, gbogbo ayé ló máa ní ìtàn ìbànújẹ́ tí wọ́n fẹ́ sọ fún yín. Tíṣà ẹgbẹ́ mi kan ní òun ra kámẹ́rà kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó gbé e lọ síbi ìgbéyàwó, ìyàwó ò tíì dé ibi pẹpẹ tí kámẹ́rà fi dákú. Òun náà ló wá ní tí mo bá fẹ́ sùn kí n di ojú mi méjèèjì, kí n lọ bá Àlàájì Aláléébù nítòsí Ọ̀fà Garage.

Àlàájì Aláléébù! Orúkọ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Àṣé bí wọ́n ṣe ń tajà ló sọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà tó ti ṣiṣẹ́ rí ni wọ́n máa ń rà, wọ́n á tú u, wọ́n á nù ún, wọ́n á pààrọ̀ ohun tó bá yẹ kí wọ́n pààrọ̀, wọ́n á wá gbé e sọ́jà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó sọ ohun rere kan nípa rẹ̀, gbogbo àléébù rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ kà sí ọ létí.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe fún mi. Wọ́n gbé kámẹ́rà dúdú kan sílẹ̀, wọ́n fi ìka mi kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tó ti ha. Wọ́n ní ìdérí bátìrì rẹ̀ le, èékánná ni màá máa fi ṣí i. Wọ́n ní iná rẹ̀ máa ń lọ́ra kó tó tàn. Mo ní, "Àlàájì, ṣé ẹ ò fẹ́ tà á ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fọwọ́ pa irùngbọ̀n wọn. Wọ́n ní òǹtajà tó bá fi àléébù ọjà pamọ́, haráàmù ló jẹ, owó náà kò sì ní ní àlùbáríkà. "Ọmọ mi, èyí tí mo mọ̀ ni mo sọ yẹn. Èyí tí mi ò mọ̀, Ọlọ́run Ọba ló mọ̀ ọ́n."

Àbí ẹ rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀! Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti balẹ̀. A ya ara wa, a ya mọ́tò tó ń kọjá lójú títì, gbogbo rẹ̀ mọ́ bí omi òjò. Wọ́n ní tó bá yọ mí lẹ́nu láàárín ọdún kan, kí n gbé e padà, àwọn á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ tó bá já bọ́, tàbí tí nǹkan olómi bá kàn án, wárántì ti já nìyẹn.

Nǹkan olómi. Ẹ bá mi rántí gbólóhùn yẹn o.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń kánjú. Ẹ̀gbọ́n Màmá mi wà lọ́dọ̀ wa ní àdúgbò Ṣàngó nígbà náà. Màmá Ọ̀mù la máa ń pè wọ́n, torí pé Ọ̀mù-Àrán ni wọ́n ń gbé. Nínú gbogbo ọmọ tí ìyá wọn bí, àwọn àti Màmá mi nìkan ló kù láyé. Ojú Màmá Ọ̀mù ti ń ṣú, nǹkan funfun kan ti bo ẹyinjú wọn méjèèjì. Dókítà ojú tó yẹ̀ wọ́n wò sọ pé iṣẹ́ abẹ kékeré ni, pé ojú á là. Wọ́n sì kìlọ̀ fún wa pé tí a bá ń fi falẹ̀, ó lè burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ti dá ọjọ́ fún wa.

Màmá Ọ̀mù ní àwọn ò ṣe. Wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe ojú àwọn, àgbà ló dé.

Kò sí nǹkan tó ṣe é kẹ̀! Ẹni tí kì í dá èèyàn mọ̀ mọ́ àfi tó bá sọ̀rọ̀? Tí ẹnikẹ́ni bá wọlé, Màmá Ọ̀mù á bẹ̀rẹ̀ àdúrà fún un, àdúrà gígùn, títí ẹni náà á fi lanu ṣe àmín. Ohùn àmín yẹn ni wọ́n á fi mọ̀ ọ́n. Wọ́n á wá pe orúkọ rẹ̀ bíi pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Ọgbọ́n àgbà!

Ti ẹ̀wà ló wá pabanbarì. Wọ́n ní àwọn ò lè jókòó sílé ọmọ kí àwọn máa káwọ́ gbera, ló bá di pé àwọn ló ń ṣa ẹ̀wà tí Màmá bá rà bọ̀ láti ọjà Ìpàtá. Wọ́n á ṣà á, wọ́n á ṣà á, wọ́n á ní ó ti mọ́. Tí a bá ń jẹ ẹ́, ẹ ó kàn gbọ́ kẹ́u lẹ́nu ẹnì kan! Màmá á wò mí, èmi náà á wo Màmá. Ta ló fẹ́ sọ ọ́? À ń jẹ òkúta, à ń kí wọn kú iṣẹ́.

Màmá mi bẹ̀ wọ́n títí. Pàbó ló já sí. Wọ́n ní ọjọ́ Sátidé ni àwọn ń wọkọ̀ padà sílé, iṣẹ́ abẹ kankan ò sí. Mo wá rò ó pé tí a ò bá tilẹ̀ rí wọn yí lọ́kàn padà, ó yẹ kí n ya àwọn méjèèjì papọ̀ kí ojú náà tó ṣú tán, kí Màmá Ọ̀mù lè rí àbúrò wọn lórí bébà. Ohun tí mo ń lé nìyẹn.

Mo gbé kámẹ́rà délé. Màmá mi gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i síwájú, wọ́n yí i sẹ́yìn. Ìbéèrè àkọ́kọ́: ta ló ni ín tẹ́lẹ̀? Mo ní mi ò mọ̀, bóyá òyìnbó kan ni. Wọ́n ní kí ni òyìnbó náà ti fi wò? Mo ní báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀, Màmá? Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ojú ni kámẹ́rà, ta ló wá mọ ohun tí ojú yìí ti rí kó tó dé ilé àwọn.

Kí ẹ má bàa rò pé Màmá mi ń ṣe àṣejù, bí a ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn. Àlòkù kan kì í wọlé wa kó má gba òróró àdúrà. Firíìjì gbà á. Máṣíìnì ìránṣọ gbà á. Mọ́tò tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin rà, Màmá fi àmì àgbélébùú sí gbogbo táyà rẹ̀, títí kan èyí tó wà nínú búùtù! Kò sì sí ohun tó ṣe ìkankan nínú wọn. Èmi kàn rẹ́rìn-ín ni, mo gbé kámẹ́rà sórí tábìlì, mo lọ dáná. Ó yẹ kí n ti fura.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Fúráìdè, ọlidé sì ni. Mo mú àwọn méjèèjì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Màmá Ọ̀mù wọ bùbá pupa kan tí wọ́n fẹ́ràn bí ojú. Màmá mi wé gèlè gàgàrà. Mo ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Màmá mi kì í rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò, wọ́n máa ń dúró bí ọlọ́pàá ni. Màmá Ọ̀mù ní tiwọn kọjú sí ibi tí wọ́n ti gbọ́ ohùn mi. Mo tẹ̀ ẹ́.

Mo wo ohun tí mo yà. Háà! Kí lèyí? Gbogbo rẹ̀ ṣú. Nǹkan funfun kan bo ojú àwọn méjèèjì. Mo rí gèlè, mo rí bùbá, mi ò rí ojú, mi ò rí imú. Mo tún yà á, bákan náà ni. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo fi etí aṣọ mi nù ún, ó tún wá burú sí i! Mo ti ń bá Àlàájì jà nínú ọkàn mi. Gbogbo haráàmù tí wọ́n ń wí yẹn, àṣé ẹnu lásán ni!

Mo wá gbé e sún mọ́ imú. Mo gbóòórùn kan. Òórùn tí mo mọ̀ láti kékeré, tó máa ń wà níwájú orí mi ní gbogbo ọjọ́ ìdánwò.

"Màmá!"

Màmá mi ò tilẹ̀ mì. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ìgbà tí mo wà ní balùwẹ̀, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, àwọn fi òróró ṣe àmì àgbélébùú kékeré kan sí i lójú. Mo ní ojú rẹ̀ gan-an kẹ̀, Màmá? Wọ́n ní ibo ni kí àwọn fi sí, ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń wò ni?

Mo bínú, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní wárántì ti já nìyẹn, mo ní owó mi ti wọgbó, mo ní ọ̀la ni Màmá Ọ̀mù ń lọ, fọ́tò wo la fẹ́ yà mọ́? Màmá mi ní kí n má pariwo mọ́ àwọn, pé òróró kì í ba nǹkan jẹ́. Ọ̀rọ̀ di à-ń-wí à-ń-fèsì níṣojú ẹ̀gbọ́n wọn tó jókòó sáàárín wa jẹ́jẹ́.

Àfi bí Màmá Ọ̀mù ṣe na ọwọ́. Wọ́n ní kí n gbé e wá, kí àwọn náà wò ó. Wọ́n gbé kámẹ́rà sún mọ́ ojú tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n yí orí díẹ̀, wọ́n tún wò ó. Ẹ̀rín bọ́ sí wọn lẹ́nu.

"Ó mà dáa o! Fọlákẹ́, o mà mọ fọ́tò yà. Kí lẹ wá ń jà lé lórí?"

Màmá mi gba kámẹ́rà náà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wo fọ́tò, wọ́n wo ojú ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n tún wo fọ́tò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé bí ẹ ṣe ń rí mi nìyí?"

"Ṣé kì í ṣe bó ṣe yẹ kó rí ni?"

"Fọ́tò yìí ti bàjẹ́, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wò mí níbí. Mi ò ní imú, mi ò ní ẹnu."

Màmá Ọ̀mù ń fọwọ́ pa etí bùbá wọn. Wọ́n wá sọ ọ́, pẹ̀lẹ́ báyìí, bí ẹni tó ń sọ ohun tí kò já mọ́ nǹkan.

"Àbẹ̀kẹ́, ó ti pẹ́ tí mo ti rí imú rẹ kẹ́yìn."

Màmá Ọ̀mù wá tú gbogbo rẹ̀ jáde. Wọ́n ní àwọn ò ya òmùgọ̀, àwọn mọ̀ pé ojú ti lọ. Ẹ̀rù ọ̀bẹ ló ń ba àwọn. Díẹ̀ tó kù yìí, ó ṣáà ń fi gèlè han àwọn, ó ń fi ilẹ̀ tó mọ́ han àwọn. Tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án tí díẹ̀ náà bá tún lọ ńkọ́? Wọ́n ní ta ni àwọn fẹ́ sọ ọ́ fún tó máa yé? Ẹni tó bá ń ríran á kàn ní kí àwọn lọ ṣe é, kò mọ ohun tí àwọn ń dì mú.

Màmá mi kúnlẹ̀. Màmá mi tí orúnkún ń dùn! Omijé ń dà lójú wọn. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti yé mi. Mo ti fi ojú ara mi rí i. Ẹ ẹ̀ ní dá lọ. Ọwọ́ mi á wà nínú ọwọ́ yín títí wọn á fi ní kí n jáde, ẹnu ọ̀nà náà sì ni màá jókòó sí."

Màmá Ọ̀mù na ọwọ́, wọ́n fi wá ojú àbúrò wọn títí wọ́n fi kan imú. Wọ́n fún imú náà pọ́. Wọ́n ní, "Ẹ mú mi lọ. Ṣùgbọ́n ojú kan ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe o!"

Èmi tí mo ń bínú lẹ́ẹ̀kan, mo ti ń sunkún bí ọmọdé.

Ó wá ku ti Àlàájì. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ọ̀fà Garage lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kí n ṣe bí ẹni mímọ́, mo rò ó lọ́nà pé kí n kàn sọ pé ó deédéé ṣú ni. Ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí irùngbọ̀n funfun yẹn, kò ṣe é ṣe. Ṣé ẹni tó ka gbogbo àléébù fún mi ni mo fẹ́ fi ọ̀kan pamọ́ fún? Mo ní, "Àlàájì, àléébù kan ti wà lára rẹ̀ tí kì í ṣe tiyín. Màmá mi ló fi kún un." Mo ròyìn òróró àdúrà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Àlàájì rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí wọn. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ra ọ̀kadà àkọ́kọ́, àlòkù ni òun náà, ìyá àwọn gba hàǹtú lọ́wọ́ àlùfáà, omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára wàláà. Ẹ mọ ibi tí ìyá náà dà á sí? Inú táǹkì epo! Ọ̀kadà ò gbéra fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. "Ìyá ni gbogbo wọn, ọmọ mi. Ìyá ò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá ò ní mọ́sálásí."

Wọ́n tú u, wọ́n fi nǹkan nù ún jẹ́jẹ́, wọn ò gba kọ́bọ̀. Nígbà tí wọ́n rí fọ́tò tó ṣú náà, mo sọ ohun tó fà fún wọn. Ẹ̀rín wọn dáwọ́ dúró. Wọ́n ní, "Má pa á rẹ́ o." Àwọn fúnra wọn ló bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ pé, a lọ. Màmá mi ṣe ohun tí wọ́n sọ, wọ́n di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n wọn mú títí nọ́ọ̀sì fi ní ó tó. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ṣí báńdéèjì. Mo ti gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn. Màmá Ọ̀mù ṣẹ́jú. Wọ́n wo nọ́ọ̀sì, wọ́n wo ògiri, wọ́n wo ẹ̀yìn ọwọ́ ara wọn. Wọ́n wá yíjú sí Màmá mi, tí wọ́n dúró síbẹ̀ bí ọlọ́pàá. Wọ́n wo àbúrò wọn láti gèlè dé bàtà, wọ́n tún padà wá sójú.

"Àbẹ̀kẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Àbẹ̀kẹ́, o mà ti darúgbó o!"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín! Ibẹ̀ ni mo ti tẹ kámẹ́rà. Fọ́tò kejì yẹn nìyẹn, tí Màmá Ọ̀mù na ìka sí àbúrò wọn, tí ẹnu Màmá mi là gbàgà, tí omijé sì ń dán létí imú wọn. Ìgbà kan ṣoṣo tí Màmá mi rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò nìyẹn.

Nígbà tí a délé, tí ara Màmá Ọ̀mù ti mókun, wọ́n ní kí wọ́n gbé ẹ̀wà wá. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣà á. Ó ṣe díẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n kígbe pè mí. Òkúta kún àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọ́n ní, "Fọlákẹ́, ṣé ohun tí mo ń fún yín jẹ látọjọ́ yìí nìyí? Ẹ sì ń kí mi kú iṣẹ́?" Màmá mi sá wọ kíṣíìnì.

Ẹ̀kọ́ tí èmi rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kí a máa sọ àléébù. Tí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù, ẹ lọ bá ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ ibi tó ti ha. Nínú ilé náà, ẹ má máa dákẹ́ jẹ òkúta torí pé ẹ fẹ́ràn ẹni tó se ẹ̀wà. Tí àgbà bá sì ní nǹkan kan ò ṣe òun, ẹ má kàn bá a jà, ẹ wádìí ohun tó ń rí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ìyá yín ti fi òróró tàbí hàǹtú sí rí nílé yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ má tijú, a ò ní sọ fún wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá èsì kan. Títí di òní, tí àlejò bá dúró níwájú fọ́tò méjì yẹn, Màmá mi á gbéra lórí àga, wọ́n á na ọwọ́ sí èyí tó ṣú, wọ́n á wò mí lójú kí wọ́n tó sọ fún àlejò pé, "Òróró tí Fọlákẹ́ ní mo fi ba kámẹ́rà òun jẹ́ nìyẹn. Òun náà ló la ojú ẹ̀gbọ́n mi." Kí ni kí n sọ?